Ṣé Ìjọba Máa Gba Ilẹ̀ Wa Tí Ààlà National Forest Bá Sún Dé Ọ̀dọ̀ Wa?

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà létí igbó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní National Forest, ti ń ya wọlé sọ́dọ̀ mi, mo wá ní kí n kúkú kó wọn pọ̀ kí n dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi alára, éékà mẹ́ta ààbọ̀ tí mo ní ní North Carolina, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fara kan Pisgah National Forest, torí náà ohun tó ń bà yín lẹ́rù yìí, ó ti ba èmi náà lẹ́rù rí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ra éékà méjìlá ní North Carolina lọ́dún 2019, owó tá a fi ọdún mẹ́sàn-án tọ́jú ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá aládùúgbò wa wá sọ pé wọ́n fẹ́ gbé àbádòfin kan lọ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, láti fa ààlà igbó ìjọba síwájú, pé ilẹ̀ wa bọ́ sínú ibi tí wọ́n fẹ́ fa ilà sí. Látìgbà yẹn ọkọ mi ò rí oorun sùn. Ṣé wọ́n máa gbà á ni? Àbí ká yáa tètè tà á? (Ìyá Tọ́lá)

Ìyá Tọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí Bàbá Tọ́lá, ẹ ní mo ní kí wọ́n lọ sùn. Ẹ má tíì ta nǹkan kan.

Ọ̀tọ̀ ni ààlà, ọ̀tọ̀ lẹni tó ni ilẹ̀. Ilà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá fà sórí máàpù kò sọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni di ti ìjọba, ohun tí ilà yẹn ń ṣe ni pé ó ń fún Forest Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn National Forest, láyè láti ra ilẹ̀ tó bá wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà, kí èyí tí wọ́n bá rà sì di ara igbó náà. Ó tán. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ yín kí ààrẹ tó buwọ́ lu òfin náà, òun náà ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin lẹ máa san owó orí ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ti géètì yín, ẹ̀yin náà lẹ máa fi sílẹ̀ fún Tọ́lá tó bá wù yín.

Ẹ wo Mark Twain National Forest ní Missouri tó ti wà láti 1939. Inú ààlà ẹ̀ tó nǹkan bí éékà mílíọ̀nù 3, àmọ́ nǹkan bí ìdajì péré nìjọba ní níbẹ̀, ìdajì tó kù oko èèyàn ni, ilé èèyàn ni, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, itẹ́ òkú wà níbẹ̀. Ti Wayne National Forest ní Ohio tún wá le jùyẹn lọ, ohun tí ìjọba ní nínú ààlà ẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé wà nínú ààlà yẹn tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti ń dáko lórí ilẹ̀ kan náà, ẹnì kankan ò sì lé wọn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé igbó apá ìlà oòrùn kì í ṣe bíi ti ìwọ̀ oòrùn. Ní ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, òfin 1891 ló jẹ́ kí ààrẹ lè máa yà á sọ́tọ̀ fún igbó. Ní ìlà oòrùn, ilẹ̀ ti di ti àwọn èèyàn tipẹ́, àwọn onígẹdú ti gé òkè kanlẹ̀ débi pé tí òjò bá rọ̀, ńṣe ni erùpẹ̀ ń wọ́ lọ sódò tí omi sì ń ya wọ ìlú, Pittsburgh rí tiẹ̀ ní 1907. Ìyẹn ló mú kí wọ́n ṣe Weeks Act ní 1911, òfin tó ní kí ìjọba máa fowó ra ilẹ̀ níbi tí odò ti ń sun wá. Pisgah yìí ló kọ́kọ́ di National Forest lábẹ́ òfin náà, ní 1916. Torí náà rírà ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. (Àwọn Cherokee ló ni òkè wọ̀nyẹn ṣáájú ẹnikẹ́ni tó wá tà á, ipá ni wọ́n sì fi lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò ní 1838. Mi ò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ níbẹ̀ kí n má dárúkọ wọn.)

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ìjọba Amẹ́ríkà lágbára láti gba ilẹ̀ èèyàn tipátipá fún ìlò gbogbo ará ìlú, àtúnṣe karùn-ún sí ìwé òfin wọn, tó ti wà láti 1791, ló kàn ní wọ́n gbọ́dọ̀ san owó tó tọ́. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ń gbé lórí àwọn òkè yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò Shenandoah National Park tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ìpínlẹ̀ Virginia ṣòfin ní 1928 tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà, ìdílé rẹpẹtẹ ló kó ẹrù jáde nílé tí wọ́n bí wọn sí. Park nìyẹn o, kì í ṣe National Forest, ọ̀tọ̀ ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ni park, National Forest wà lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé bàbá ẹ̀ jáde nílé kò ní í bèèrè pé iléeṣẹ́ wo ló rán yín. Ti Forest Service lóde òní, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tà ni wọ́n ti ń rà, kí wọ́n fi kóòtù gba ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ inú àbádòfin yẹn gan-an, ẹ má gba èyí tí aládùúgbò sọ. Tí wọ́n bá ti gbé e wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó máa wà lórí congress.gov lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè má ju ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹ wá gbólóhùn méjì níbẹ̀: ọ̀kan tó sọ pé ọwọ́ "willing seller" nìkan ni wọ́n ti lè rà, ìyẹn ẹni tó fínnúfíndọ̀ fẹ́ tà, àti òmíì tó sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi "condemnation" tàbí "eminent domain", ìyẹn agbára ìjọba láti gba ilẹ̀ tipátipá, gba ilẹ̀ kankan. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì aṣojú yín ní Washington kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí i kó tó kúrò ní kọmitíì, ẹ kó àwọn aládùúgbò yín dání, wọ́n máa ń gbọ́ tó bá jẹ́ ohùn ogún èèyàn.

Ẹ tún máa rí déètì kan níbẹ̀, January 1, 1965. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Owó kan wà tí òfin 1964 dá sílẹ̀, Land and Water Conservation Fund, owó tó ń wá látinú epo tí wọ́n ń wà nínú òkun, láti 2020 wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé 900 mílíọ̀nù dọ́là ni lọ́dọọdún, ara ẹ̀ ni Forest Service fi ń ra ilẹ̀. Òfin náà gba pé kí wọ́n fi ra ilẹ̀ tó wà nínú ààlà bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sún ààlà fi máa ń kọ ọ́ pé kí wọ́n ka ààlà tuntun sí èyí tó ti wà láti 1965. Ọ̀rọ̀ owó ni, kò kan ìwé ilẹ̀ yín.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n. Tí ilẹ̀ mi bá bọ́ sínú ààlà, ṣé àwọn Forest Service á wá máa sọ ibi tí mo máa kọ́lé sí àti igi tí mo máa gé fún mi ni? (Adé, Georgia)

Rárá, àbúrò mi. Òfin káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, àti ti ìpínlẹ̀ tó dè ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa dè ọ́. Àmọ́ ka òfin tìẹ dáadáa, torí àwọn ibì kan wà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, bíi Sawtooth National Recreation Area ní Idaho tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, níbẹ̀ ìlànà wà fún irú ilé téèyàn lè kọ́ sórí ilẹ̀ ara ẹ̀. Òfin tó kàn sún ààlà kì í ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Wàhálà tó máa bá ọ gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ló ti máa wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n máa ń ri bọ́ọ̀dù sẹ́bàá títì níbi tí ààlà ti bẹ̀rẹ̀ pé o ti ń wọ National Forest báyìí, ẹni tó bá wa mọ́tò kọjá bọ́ọ̀dù yẹn á rò pé gbogbo igi tó bá rí láti ibẹ̀ lọ, ti gbogbo ayé ni. Lóṣù November kan mo jáde láàárọ̀ mo bá ọkùnrin kan tó wọ fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn táwọn ọdẹ máa ń wọ̀ lẹ́yìn ilé mi, ìbọn wà léjìká ẹ̀, ó ń mu kọfí, ó kí mi bí ẹni tó wà lóko bàbá ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo mú máàpù Forest Service jáde, mo fi hàn án pé ibi tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn nìkan ni tìjọba, pé ibi tó funfun, bó tiẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé yíká, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ojú tì í, ó bẹ̀ mí, ó lọ. Torí náà tètè ri bọ́ọ̀dù tìẹ mọ́ igi kí ìgbà ọdẹ tó dé, kọ ọ́ gàdàgbà.

Igbó ìjọba yí ilẹ̀ wa ká lápá mẹ́ta, ilẹ̀ aládùúgbò wa tó wà níwájú ni ọ̀nà wa gbà kọjá. Wọ́n ti ń bá a dúnàádúrà. Tí wọ́n bá rà á tán, ṣé wọ́n lè ti wá mọ́nú? (Ọmọ Ẹ̀kìtì, West Virginia)

Wọn ò lè tì yín mọ́nú. Òfin 1980 kan wà tí wọ́n ń pè ní ANILCA, ọ̀rọ̀ Alaska ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ àmọ́ apá 1323 kan gbogbo National Forest lórílẹ̀-èdè, ó ní dandan ni kí wọ́n fún ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ wà nínú ààlà ní ọ̀nà tó máa tó o lò bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa tó o lò, kì í ṣe ọ̀nà tó wù ẹ́ o, wọ́n lè ní kó o gba fọ́ọ̀mù SF-299, kó o gba pámíìtì, kó o máa tún ọ̀nà ṣe fúnra ẹ. Tó bá jẹ́ èmi, ní báyìí tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ aládùúgbò yín, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká kọ ẹ̀tọ́ ọ̀nà yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, ká lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní káńtì. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba o, ẹlòmíì o, ó bá ọ̀nà yín níbẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tí Forest Service ní ti lé ní éékà mílíọ̀nù 190, kí ni wọ́n tún ń wá? Kò tó wọn ni? (Bọ̀dá Kúnlé)

Bọ̀dá mi, ìbéèrè yín tọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iye éékà ni, ó tó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ yẹn, pàápàá lápá ìlà oòrùn, ó rí bí aṣọ àlẹ̀pọ̀. Éékà ogójì níbí, ọgọ́rùn-ún lọ́hùn-ún, ilẹ̀ onílẹ̀ láàárín. Tí iná bá ràn, iná ò mọ ààlà. Odò tó sun nínú igbó, ó gba àárín oko ẹnìkan kó tó tún wọ igbó padà, tí ẹni yẹn bá gé gbogbo igi etí odò tó fi kọ́ ogójì ilé sí i, àwọn tó ń mu omi nísàlẹ̀ ló máa jẹ ìyà ẹ̀, wọ́n lè má mọ orúkọ òkè yẹn pàápàá. Mo ti dúró létí ìṣàn omi kan tó ń bọ̀ látinú Pisgah, mo rí òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀ kedere bíi pé kò sí omi lórí ẹ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi katakátá tú òkè fún ilé, omi náà pupa bí epo lẹ́yìn òjò kan. Mo fẹ́ kí wọ́n ra irú ilẹ̀ etí odò bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ ẹ gidi, kí wọ́n sì rà á lówó tó pé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà. Mi ò rí ìdí tí méjèèjì ò fi lè jọ rìn.

Ẹ̀gbọ́n, màmá ìyàwó mi ní ọgọ́ta éékà nínú ààlà igbó ní Ohio. Ọkọ wọn ti kú, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n fẹ́ tà á fún Forest Service. Àwọn ọmọ ò fohùn ṣọ̀kan, ọ̀kan ní ìjọba máa rẹ́ màmá jẹ, ọ̀kan ní ilẹ̀ bàbá ò gbọdọ̀ lọ. Àwọn ará káńtì náà ń bínú pé owó orí ilẹ̀ máa dín. (Ọkọ Ìyàwó)

Màmá ló ni ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀, torí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tá à ń pariwo yìí, ẹ̀tọ́ láti tà á fún ẹni tó bá wù wọ́n wà lára ẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn tó ń jà fún onílẹ̀ máa ní káńtì ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìjọba ra ilẹ̀ mọ́, wọn ò sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó tó fẹ́ tà bóyá òun kì í ṣe onílẹ̀ ni.

Ti owó, ìjọba ò kàn lè dá iye lé e. Òfin 1970 kan ní kí ẹni tó mọ̀ nípa iye ilẹ̀ wá wò ó, kó sọ iye tó máa tà lọ́jà, kí iye tí wọ́n máa ní àwọn máa san má sì dín sí iye tí wọ́n bá fọwọ́ sí pé ilẹ̀ náà tó. Onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹni yẹn rìn nígbà tó bá wá wo ilẹ̀. Ẹ bá a rìn o! Ẹ fi kànga hàn án, ẹ fi ọ̀nà hàn án, ẹ fi àwọn igi oak àti walnut tó ti dàgbà hàn án, torí ohun tí kò bá rí kò ní í kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ háyà tiyín náà lọ́tọ̀ tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ wá fi méjèèjì wéra. Tí iye tí wọ́n dá ò bá tẹ́ màmá lọ́rùn, kí wọ́n sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ tán.

Ọmọ tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ lọ, ohun tó ń sọ náà ò burú. Ó ṣeé ṣe kí màmá má ta ilẹ̀, kó jẹ́ ẹ̀tọ́ láti kọ́lé rẹpẹtẹ sórí ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa tà, easement ni wọ́n ń pè é, láti 1990 ètò Forest Legacy ti wà tó ń fi owó ìjọba àpapọ̀ ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti ra irú ẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìdílé, wọ́n ṣì lè jogún ẹ̀, wọ́n ṣì lè gé igi níwọ̀n. Àmọ́ títí láé ni, ọmọ ọmọ tí wọn ò tíì bí, ó máa dè é, ẹ jókòó pẹ̀lú lọ́yà kẹ́ ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Tàbí kí wọ́n ta igbó tó wà lókè kí wọ́n mú ilé àti éékà mẹ́wàá tó yí i ká. Tí màmá bá ní àwọn máa ta gbogbo ẹ̀ àmọ́ àwọn fẹ́ máa gbé ilé náà títí ọlọ́jọ́ á fi dé, ẹ bèèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, torí tí kò bá sí nínú ìwé, ẹ má retí ẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní Allegheny National Forest ní Pennsylvania, nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún epo àti gáàsì tó wà lábẹ́ ẹ̀ jẹ́ ti àwọn aládàáni, torí nígbà tí ìjọba ń ra òkè, àwọn tó ta ilẹ̀ mú ìsàlẹ̀ tiwọn. Ó lè jẹ́ pé bàbá àgbà kan ti ta ti màmá láìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wá a.

Àwọn ará káńtì ò parọ́. Ìjọba àpapọ̀ kì í san owó orí ilẹ̀. Láti 1976 wọ́n ń san owó kan dípò ẹ̀ fún káńtì, PILT lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni iye ẹ̀ wà, ìgbà míì ó máa ń kéré sí ohun tó lọ. Ilé ìwé àti ọ̀nà ni wọ́n ń rò, ẹ má bá wọn jà. Àmọ́ ẹjọ́ yẹn, kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn aṣojú wọn, kì í ṣe opó tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n, sáfẹ́yọ̀ Forest Service wá fi ọ̀dà pupa kun igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì wa, ó ní igun ṣẹ́ẹ̀dì náà wọ ilẹ̀ ìjọba ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ, wọn ò mọ̀. Ṣé ká wó o? (Ìyàwó Àkàngbé)

Ẹ má wó o, ẹ má sì fọwọ́ kan ọ̀dà yẹn, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àmì ààlà ìjọba jẹ́ tàbí tó gé igi tí wọ́n sàmì sí, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Òfin kan wà láti 1983, Small Tracts Act, fún irú èyí gan-an: ẹni tó bá ṣèèṣì kọ́ nǹkan kọjá ààlà láìmọ̀, Forest Service lè ta bíńtín ilẹ̀ yẹn fún un tàbí kí wọ́n jọ ṣe pààrọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó ilẹ̀ náà, owó wíwọn ilẹ̀ sì lè já lé yín lórí.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé odò kékeré yẹn ni ààlà, mo gbà á gbọ́, mo tò igi sí etí odò. Nígbà tí mo mú sáfẹ́yọ̀ lọ, a lo gbogbo àárọ̀ ká tó rí irin igun ilẹ̀, ó ti rì sábẹ́ ewé gbígbẹ, bó ṣe nípọn tó kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá sẹ́yìn odò, níhà ọ̀dọ̀ mi. Mo kó igi mi padà lọ́jọ́ náà.

Torí náà ẹ wá ìwé ilẹ̀ bàbá ọkọ yín, ẹ wá ìwé sọ́fè àtijọ́ tó bá ṣì wà, ẹ wá rìsíìtì owó orí ilẹ̀ wọn àti fọ́tò àtijọ́ tí ṣẹ́ẹ̀dì náà bá hàn nínú ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ranger District, ìyẹn ẹ̀ka Forest Service tó wà ládùúgbò, tó sún mọ́ yín, ẹ ní ọ̀rọ̀ Small Tracts Act lẹ bá wá.